Ikú Yá Ju Ẹ̀sín Lọ, Àmọ́ Ikú Ta Ni?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá gbé ìwé wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Things Fall Apart ni, ìwé Chinua Achebe tó jáde ní 1958, èyí tí Wálé Ògúnyẹmí túmọ̀ sí èdè wa tó pè ní Ìgbésí Ayé Okonkwo. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní ká kọ àròkọ lórí agbára Okonkwo. Mo ti kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀. Mo wá padà ka ìwé náà, mo rí i níbẹ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba Okonkwo láti kékeré. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?"

Mo ní kó mú méjèèjì. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ọ̀nà ọjà tí wọ́n júwe ọ̀nà oko fún.

N kò dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà ń rú àgbàlagbà lójú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Báwo ni ẹ̀rù ṣe lè sọ ènìyàn di ìkà? Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ṣé kì í ṣe pé ó máa ń sá ni? Nínú fíìmù tí à ń wò nílé, a kì í wá ìkà tì. Á wọlé, orin á yí padà, á rẹ́rìn-ín kèékèé, á sì na ìka sí ọmọlúàbí inú eré. Ó ń ṣìkà nítorí pé ìkà ni. Irú wọn wà nínú àwọn ìwé pẹ̀lú. Gáà inú eré tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, Baṣọ̀run tó ń fi ọba jẹ, tó sì ń rán wọn lọ sọ́run, agbára ló ń gùn ún. Àmọ́ irú kejì wà tó ṣòro láti dá mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹni tó ń ṣìkà torí pé ohun kan wà lára rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Èdè wa fúnra rẹ̀ dá kún ìrújú yìí. Ojú ni Yorùbá fi ń wọn ìwà. Ẹni tó bá lè ṣe ohun burúkú láìmira, òdájú là ń pè é. A ní ojú kì í tì í. Torí náà ó rọrùn fún wa láti gbà pé ibi tí ìtìjú bá parí sí ni ìwà ìkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tí mo fẹ́ mẹ́nu bà yìí rí i ní òdìkejì. Ẹni tí ìtìjú pọ̀ jù lára rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìkà.

Ẹ wo bàbá àti ọmọ inú ìwé Achebe. Unoka ni bàbá. Ọ̀lẹ ni. Fèrè àti ẹmu ló fẹ́ràn, kò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ sójú, ọ̀rọ̀ ogun sì máa ń bà á nínú jẹ́. Gbèsè bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Okoye wá béèrè igba owó ẹyọ tó yá a, ẹ̀rín ni Unoka bú sí. Ó nawọ́ sí ògiri ilé rẹ̀, ibi tó ti fi ẹfun fa ìlà gbèsè, ìlà kan fún ọgọ́rùn-ún owó ẹyọ, ó ní àwọn gbèsè ńlá ni òun máa kọ́kọ́ san. Bí ojú bá ń ti gbogbo ayé, kì í ṣe ti Unoka. Àléébù rẹ̀ wà ní gbangba, ó fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri. Ó jẹ́ kí ebi pa ará ilé rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ẹ tú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ò ní rí ibi tí Unoka ti gbé ọwọ́ lé ènìyàn.

Okonkwo ni ọmọ. Ní kékeré ni ọmọ kan tí wọ́n jọ ń ṣeré sọ fún un pé agbala ni bàbá rẹ̀. Nínú èdè Ìgbò inú ìwé náà, obìnrin ni agbala, òun náà sì ni ọkùnrin tí kò gba oyè kankan. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ohun gbogbo tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ló kórìíra, títí kan ìwà pẹ̀lẹ́. Ó di àgbẹ̀ pàtàkì, ó ní ìyàwó mẹ́ta, ó gba oyè. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó gbé Amalinze tí wọ́n ń pè ní Ológbò ṣubú, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kanlẹ̀ fún ọdún méje. Agbára rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ibi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣì í ni pé ó rò pé agbára àti ẹ̀rù kò lè jọ gbé ilé kan. Wọ́n ń gbé pọ̀ dáadáa. Ẹ̀rù ni onílé, agbára ni ayálégbé.

Okonkwo tún máa ń kólòlò díẹ̀. Bí inú bá bí i tí ọ̀rọ̀ kò tètè jáde, ẹ̀ṣẹ́ ló ń lò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ká wá wo ọ̀rọ̀ ìbọn. Ọdún iṣu tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé ń yọ̀, ara Okonkwo kò sì gba ìjókòó lásán. Ó rí i pé wọ́n ti já ewé lára igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ekwefi, ìyàwó rẹ̀ kejì, ló já ewé díẹ̀ láti fi di oúnjẹ. Okonkwo ní wọ́n ti pa igi òun, ó sì lu obìnrin náà ní àlùbami. Igi ọ̀hún ò ṣe nǹkan kan, ó wà láàyè. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí wọ́n gbé ìbọn òun wá, òun ń lọ ṣọdẹ. Okonkwo kì í ṣe ọdẹ. Kò fi ìbọn yẹn pa eku rí. Ekwefi rọra kùn sínú nípa ìbọn tí kì í dún. Okonkwo gbọ́. Ó sáré wọlé, ó gbé ìbọn tí wọ́n ti kì, ó yìn ín sí obìnrin náà bó ṣe ń gun ògiri kúkúrú kan kọjá. Orí ló yọ ọ́, ọta kò bà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo kàn sáré kọjá ni. Nítorí ewé, ó lu ìyàwó. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bó bá jẹ́ dúkìá ló ń jà fún, ewé ni ì bá dùn ún jù. Ọ̀rọ̀ ìbọn ló gún un, torí pé òótọ́ ni. Obìnrin náà ti fọwọ́ kan ibi tó fi aṣọ bò. Ohun tó sábà máa ń rú wa lójú nìyí. Àléébù fúnra rẹ̀ kì í ṣìkà. Àléébù Unoka kún agbọ̀n, kò pa ẹnì kankan. Ìgbà tí ẹlòmíì bá fẹ́ ká aṣọ tí a fi bò ó sókè ni àdá ń yọ.

Ikú Ikemefuna ló wá fi gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ọmọ Mbaino ni ọmọkùnrin náà, àwọn ará ìlú rẹ̀ ló fi í dí ẹ̀mí obìnrin kan tí wọ́n pa, ọmọ Umuofia, ìlú Okonkwo. Ọdún mẹ́ta ló fi gbé nílé Okonkwo, bàbá ló sì ń pè é. Ọ̀rọ̀ wá jáde láti ojúbọ pé kí wọ́n pa á. Àgbàlagbà kan, Ezeudu, rìn wá sílé Okonkwo láti kìlọ̀ fún un: ọmọ yẹn ń pè ọ́ ní bàbá, má lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kó lọ. Ó lọ. Nínú igbó, nígbà tí ọkùnrin kan gbé àdá sókè, Okonkwo gbójú kúrò. Ó gbọ́ ìró àdá, ó gbọ́ tí ìkòkò ẹmu tí ọmọ náà rù fọ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń ké pé, bàbá mi, wọ́n ti pa mí o! Okonkwo fa àdá tirẹ̀ yọ, ó ṣá a balẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú kan ni Achebe fi sọ ìdí rẹ̀: ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má kà á kún aláìlágbára.

Ẹ rántí pé ó gbójú kúrò. Òdájú kì í gbójú kúrò. Ojú rẹ̀ kò lè wò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀, odindi ọjọ́ méjì ni oúnjẹ kò fi kan ẹnu rẹ̀, ẹmu ló ń mu.

Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọ̀rọ̀ akọni ni. Ẹni tó bá sọ ọ́, ikú ara rẹ̀ ló ń sọ: ó sàn kí èmi kú ju kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín lọ. Okonkwo gbà á gbọ́ bí ẹni pé Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ikú ọmọ ọlọ́mọ ló fi ra ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹ̀sín. Ibi tí òwe náà ti ń wọ́ nìyẹn. Irú ìkà tí mò ń sọ yìí gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ lóòótọ́, á sì lọ wá ẹni tó máa bá òun kú ikú náà.

Ta ló máa ń rí? Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó pe Unoka ní agbala, a ò gbọ́ pé Okonkwo wá a rí. Àwọn tó jìyà rẹ̀ ni Ekwefi, Nwoye ọmọ rẹ̀, Ikemefuna, àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ tó, tí ọwọ́ tiwọn kò tó o. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Nínú àwọn ìtàn yìí, ìka tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń gé.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó nínú eré Efúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn ni Efúnṣetán nínú eré náà, owó ń bẹ, ẹrú ń bẹ, àwọn ìjòyè ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú níbi ìkúnlẹ̀. Ó wá ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin kankan kò sì gbọdọ̀ fún wọn lóyún. Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á bẹ́ ẹ lórí. Adétutù lóyún. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Ibi yìí gba kí á rọra sọ̀rọ̀. Àìrọ́mọ gbé jó kì í ṣe àléébù, ọ̀fọ̀ ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi eré yìí bú obìnrin tó ń wá ọmọ. Àléébù Efúnṣetán inú eré náà ni pé kò lè gbà kí ọ̀fọ̀ náà hàn. Ọ̀gá ni. Ohun tó bá fẹ́, ó ń rà á, ẹni tó bá pè, á dáhùn. Oyún nìkan ni ọjà tí owó rẹ̀ kò ràn. Kí ẹrú tí òun fowó rà wá máa gbé ikùn kiri nínú agbo ilé òun, ojoojúmọ́ ni ikùn yẹn á máa sọ fún un pé ohun kan wà tí òun kò lè ṣe, tí ẹni tí kò ní nǹkan kan lè ṣe. Bí a bá wò ó dáadáa, Ẹlẹ́dàá ló ń bínú sí. Ọwọ́ kò tó Ẹlẹ́dàá. Ọwọ́ tó Adétutù.

Kí n sọ ọ́ kí n má bàa jẹ̀bi òkú: Efúnṣetán orí ìtàgé yàtọ̀ sí Efúnṣetán tó gbé Ìbàdàn. Oníṣòwò ńlá ni ti gidi, òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, sì ní ìjà òṣèlú tó le. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti kọ̀wé nípa ipò tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dì mú ní ìlú. Nínú eré, májèlé ló jẹ nígbà tí Látòósà ti dójú tì í. Nínú ìtàn, àwọn ẹrú rẹ̀ ló pa á lóru ní 1874. Ìkà inú eré ni mò ń tú wò.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kùdìẹ̀-kudiẹ ń gbà di ìkà, èyí sì ni ó máa ń ya ọ̀pọ̀ òǹkàwé lẹ́nu jù. Àwọn méjì tí mo ti sọ, ìtìjú ló ṣáájú ìkà. Nígbà míì, ojo ni ẹni náà kọ́kọ́ ṣe, ìkà wá tẹ̀lé e láti fi bo ti ojo mọ́lẹ̀. Khaled Hosseini, ọmọ Afghanistan tó ń gbé Amẹ́ríkà, kọ irú rẹ̀ nínú The Kite Runner, tó jáde ní 2003. Ní Kabul, Amir jẹ́ ọmọ olówó, Hassan jẹ́ ọmọ ìránṣẹ́ ilé wọn, wọ́n sì jọ dàgbà. Ní 1975, Amir borí nínú ìdíje káìtì, bébà olókùn tí àwọn ọmọdé ń fò lójú sánmà. Hassan sáré lọ gbá káìtì tó já náà mú fún un. Àwọn ọmọ burúkú kan ká a mọ́ inú ọ̀nà tóóró, wọ́n sì ṣe ohun tí kò ṣeé fẹnu sọ sí i. Amir dúró lẹ́yìn ògiri, ó ń wò. Kò pariwo. Ó sá lọ.

Títí dé ibẹ̀, ojo lásán ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni, àwọn ọmọ yẹn sì jù ú lọ. Bó bá parí síbẹ̀, àánú rẹ̀ ni à bá máa ṣe. Àmọ́ Hassan kò yí padà sí i. Ó ṣì ń dáná fún un láàárọ̀, ó ṣì ń lọ aṣọ rẹ̀, ó ṣì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ lọ ṣeré. Ìyẹn gan-an ni Amir kò lè fara dà. Ìgbàkígbà tó bá rí Hassan, ara rẹ̀ ló ń rí lẹ́yìn ògiri yẹn. Ó mú èso pómégíránátì, ó ń sọ ọ́ lu Hassan, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí òun náà sọ ọ́ padà. Ì bá ṣe pé Hassan lù ú, ojú ì bá wálẹ̀. Hassan mú èso kan, ó fọ́ ọ mọ́ iwájú orí ara rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Amir gbé aago ọwọ́ rẹ̀ àti owó lọ sábẹ́ ibùsùn Hassan, ó ní ó jí i. Hassan gbà pé òun jí i, bẹ́ẹ̀ kò jí nǹkan kan. Òun àti bàbá rẹ̀ kó jáde nílé náà.

Ẹ ò rí i pé Hassan kò ṣẹ̀ ẹ́ rí? Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tó ṣẹ̀ wá là ń kórìíra. Ẹni tí àwa ṣẹ̀ ló máa ń le jù láti wò lójú. Ó di dígí tó ń rìn káàkiri ilé, a sì ń wá òkúta.

Macbeth ti Shakespeare náà, tó ti wà lórí ìtàgé láti bí irínwó ọdún, ọ̀nà méjèèjì ló tọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kì í ṣe ọkùnrin bí kò bá lè pa ọba, ó pa á. Ẹ̀rù ohun tó ti ṣe wá ń bà á, ó rán àwọn apànìyàn sí Banquo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó máa fi di pé wọ́n ń pa ìyàwó Macduff àti àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, kò sí ẹni tó tún nílò láti pè é ní ojo. Ó ti ń pe ara rẹ̀.

Ìrújú tó kù, òun ló sì ń fa àríyànjiyàn jù: bí òǹkọ̀wé bá sọ ìdí tí ẹnì kan fi ṣìkà, ṣé ó ti dárí jì í nìyẹn? Rárá. Àlàyé kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Dókítà tó sọ fún ọ pé ẹ̀fọn ló fa ibà kò gbè sẹ́yìn ẹ̀fọn. Ó sì ń bí mi nínú, kí n má purọ́, pé àwọn fíìmù òde òní kan ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀rọ̀: bí wọ́n bá ti fi hàn wá pé wọ́n na ìkà ní kékeré, a gbọ́dọ̀ sunkún fún un, òkú àwọn tí òun pa yóò sì di ohun àmúkọjá. Achebe kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi Obierika, ọ̀rẹ́ Okonkwo, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlú kan náà ni wọ́n, àṣẹ ojúbọ kan náà ni wọ́n gbọ́. Obierika kò bá wọn lọ sínú igbó yẹn, kò sì sí ẹni tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Okonkwo bi í léèrè, ó ní bí ojúbọ bá sọ pé kí wọ́n pa ọmọ òun, òun ò ní bá a jiyàn, òun ò sì ní jẹ́ ẹni tó máa pa á. Torí Obierika wà níbẹ̀ ni a ò fi lè sọ pé Okonkwo kò rí ọ̀nà mìíràn.

Bí ẹ bá tún ń ka ìtàn, tí ẹnì kan ṣe ohun tó burú jáì, ẹ má tíì ṣí ojú ewé. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n sọ sí i, tàbí ohun tó rí, kó tó gbé ọwọ́ sókè. Ó lè jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, bíi ti Ekwefi. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í pariwo rẹ̀.

Okonkwo pokùn so ní ìgbẹ̀yìn. Èèwọ̀ ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lè sin ín, àjèjì ló máa gbé e. Unoka bàbá rẹ̀ náà kò ní sàréè: àìsàn wíwú ló pa á, inú igbó burúkú ni wọ́n gbé e sí títí ó fi kú. Ó mú fèrè rẹ̀ lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí mo fi sọ gbogbo èyí tán. Ó wá ní, "Àǹtí, ṣé kí n wá fa ojú ìwé kan àtààbọ̀ yẹn ya?"

Mo ní kó má ya á. Okonkwo gbé Amalinze ṣubú, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó wá bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ tuntun, kó kọ̀wé nípa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.